Ọ̀pá Tútù Tí Mo Rì Lóṣù Ààwẹ̀

Ẹ fa àga yín sún mọ́ mi níbi òjìji yìí, ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ ó fi ọwọ́ yín ṣe. Ẹni tí kò bá rí àga, kó tẹ́ ẹní. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, omi wà nínú àmù. Kò sí ẹni tó ń lé wa. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ti tó ọmọ ogójì ọdún lára mi, kò ní bàjẹ́ bí a bá fi ẹ̀sọ̀ sọ ọ́.

Rájí ni orúkọ mi. Gàmbàrí, nínú ìlú Ìlọrin yìí, ni wọ́n bí mi sí. Iṣẹ́ gádínà ni mo ṣe títí orúnkún mi fi sọ fún mi pé ó tó gẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n gádínà ju gádínà lọ. Ẹnìkan ń gé koríko, ẹnìkan ń gbin òdòdó. Ní tèmi, igi tó bá fì ni iṣẹ́ mi. Igi tó bá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú ọgbà ilé, bí ẹni tó ń yọ́ ọ̀rọ̀ aládùúgbò gbọ́, èmi ni wọn yóò ránṣẹ́ sí pé kí n wá fi ọ̀pá tì í kó má baà wó. Mo ti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo ti ti ìbẹ́pẹ, mo ti ti ọ̀pẹ òyìnbó. Mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹni tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ nígbà tí mo ṣe é kò pọ̀ ní ìlú yìí. Kì í ṣe ìgbéraga. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ tí kò lè sọ ọ́, ó ń purọ́ ni.

Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ kò gba àlàyé. Bàbá mi mú mi lọ bá Bàbá Sùbérù, wọ́n ka Fátíà, ó parí. Ti owó ńkọ́? Mo jẹun, mo kọ́ ilé, mo tọ́ ọmọ. Ẹ jẹ́ ká kọjá níbẹ̀.

Bàbá Sùbérù ni ọ̀gá mi. Ènìyàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ohùn rẹ̀ kì í ròkè, ojú rẹ̀ ló máa ń ké. Odidi àsìkò òjò kan ni mo fi wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tí kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan igi. Yóò mú mi dé ọgbà oníbàárà, yóò ní kí n jókòó síwájú igi tó fì.

"Rájí, kí lo rí?"

"Igi tó fì ni, Bàbá."

"Ewúrẹ́ pàápàá rí ìyẹn. Kí ló fà á?"

N ó tún máa wò ó. Yóò lọ mu omi, yóò padà wá, n ó ṣì wà níbẹ̀. Ó di ọjọ́ kẹta kí n tó rí i pé ẹ̀ka máńgòrò tó wà lókè ló bo ìmọ́lẹ̀, tí igi kékeré náà ń na ọrùn jáde láti wá oòrùn tirẹ̀. Nígbà tí mo sọ ọ́, kò yìn mí. Ó kàn ní, "Ó dáa. Ọ̀la, o lè gbé ọ̀pá."

Òfin mẹ́ta ló fún mi, mo sì lè kà wọ́n lójú oorun. Ìkíní, má tọ́ igi tó fì. Igi tó bá ti fì fún ọdún mélòó kan ti yan ọ̀nà tirẹ̀. Bí o bá fi tipátipá nà án ró, gbòǹgbò rẹ̀ á já lábẹ́ ilẹ̀ níbi tí ojú rẹ ò tó. Tì í síbi tó wà, kó má fì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìkejì, má fi wáyà so ó, má sì kan ìṣó mọ́ ọn. Aṣọ òfì tó ti gbó la máa ń lò nígbà náà. Àwọn ahunṣọ pọ̀ ládùúgbò wa. Bí ìlà òfì kan bá ti ṣá tán, a ó gbà á lọ́wọ́ wọn. Ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, ó rọ̀, ó sì lágbára, kì í ge igi lára.

Ìkẹta ló jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Ọ̀pá oní-pàlàká la fi ń ti igi, èyí tí orí rẹ̀ pín sí méjì bí ìka tó yà, kí òpó igi lè sinmi lé àárín rẹ̀. Igi àyìn tó ti gbẹ la fi ń ṣe é. A ó bó èèpo rẹ̀ kúrò, a ó sì fi ìdí rẹ̀ sínú iná títí yóò fi dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Kòtò iná kan wà lẹ́yìn ilé Bàbá Sùbérù tó jẹ́ pé iṣẹ́ yìí nìkan la gbẹ́ ẹ fún. Bí mo bá ní ọ̀pá ti jóná tó, yóò fi ìṣó ha á. Bí pupa bá yọ lábẹ́ dúdú, yóò jù ú padà sínú iná.

"Ikán Ìlọrin kò mọ ẹ̀bẹ̀," yóò wí. "Ohun tí iná ò bá jẹ fún wa, ikán ni yóò jẹ ẹ́."

Ẹ wá jẹ́ ká dé ọ̀dọ̀ Alhaja Rábì, ní àdúgbò Fate, nínú ìlú yìí kan náà.

Opó tíṣà kan ni Alhaja. Ní ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ ṣiṣẹ́ olùkọ́ lórí òkè Mambila, níbi tí òtútù ti ń mú ènìyàn lọ́sàn-án gangan. Nígbà tí ọkọ náà ń bọ̀ wálé, ó gbé igi kékeré kan sínú báàkẹ́ẹ̀tì, ó sì gbé báàkẹ́ẹ̀tì náà lé itan láti ọ̀hún títí dé Ìlọrin. Irú igi bẹ́ẹ̀ kò sí nílẹ̀ wa níbí. Òyìnbó ní orúkọ tirẹ̀ fún un. Èmi àti ọ̀gá mi ń pè é ní igi ewé-ìyẹ́. Òpó rẹ̀ ga ju ènìyàn lọ, kò ní ẹ̀ka kankan. Orí rẹ̀ nìkan ni ewé wà, ó tẹ́ bí agbòòrùn, ewé kọ̀ọ̀kan sì là wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ìyẹ́ ẹyẹ. Ewé tuntun rẹ̀ máa ń ká jọ nígbà tó bá yọ, bí ìkúùkù ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, á wá máa là díẹ̀díẹ̀. Òpó yẹn gan-an, gbòǹgbò wínníwínní ló bo gbogbo rẹ̀ bí irun. Ara ló fi ń mu omi. Ìdí nìyẹn tí ìṣó àti wáyà fi jẹ́ ọ̀tá rẹ̀.

Tíṣà kú, igi kù. Láàárọ̀ lójoojúmọ́, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, Alhaja á gbé kẹ́tùlù omi, á máa dà á sí i lórí àti lára, á sì máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ọjọ́ kan mo ṣèèṣì rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí mi.

"Rájí, o rò pé igi ni mò ń bá sọ̀rọ̀? Ẹni tó gbìn ín ni mò ń ṣe àdúà fún. Máa rẹ́rìn-ín lọ. Ọjọ́ tí o bá kú, ta ni yóò fún ohun tí o gbìn lómi?"

Igi yìí fì. Orí rẹ̀ ti wúwo, ẹ̀ẹ̀rùn Ìlọrin sì ti bá ìdí rẹ̀ jà. Bàbá Sùbérù ló ń tì í láti ọdún pípẹ́. Nígbà tí ọ̀pá àtijọ́ gbó, ẹsẹ̀ ń dun ọ̀gá mi, ó ní kí n lọ ṣe òmíràn kí n sì lọ rì í. Èmi nìkan. Mo ti ń kọ́ṣẹ́ bọ̀ fún ọdún mẹ́rin. Ẹ lè mọ bí orí mi ṣe wú.

Oṣù ààwẹ̀ ni. Oòrùn mú bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Láti dúró nídìí iná kí n máa yí ọ̀pá, pẹ̀lú ẹnu gbígbẹ, láìlè mu ẹ̀kán omi kan títí di ìgbà ìṣínu! Mo wo kòtò iná, mo wo ojú ọ̀run. Mo wá rántí pé ọgbà akòko kan wà lọ́nà Fate, tí ẹ̀ka rẹ̀ ní pàlàká tó dára. Mo sọ fún ara mi pé ikán kì í jẹ igi tútù, kí wá ni ti iná? Mo bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀ka kan, wọ́n fún mi, mo rì í tútù bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú èèpo lára, mo fi òfì so igi Alhaja mọ́ ọn. Ó dúró dáadáa. Mo padà sílé, mo sọ fún ọ̀gá mi pé mo ti parí rẹ̀. Irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òtítọ́ náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe oko rí ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ọ̀pá mi yọ ojú méjì. Ọ̀pá tí mo fi ti igi ti di igi! Mo fi ọ̀bẹ ré e kúrò. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ó yọ mẹ́rin. Mo ré e. Báyìí ni mo ṣe ń yọ́ lọ sí Fate fún ohun tó lé ní ọdún kan, tí mò ń fi ọ̀bẹ pa àṣírí ara mi mọ́. Ìgbà mélòó ni mo fẹ́ sọ fún ọ̀gá mi? N ó dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ọ̀rọ̀ á di ìkíni. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Ní àsìkò òjò kejì, ìyá mi ṣàìsàn ní abúlé, mo sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Akòko rí àyè. Láti inú pàlàká méjèèjì ló ti na ẹ̀ka sókè, ewé rẹ̀ ṣù dùdù. Ọjọ́ kejì tí mo padà dé, lẹ́yìn ìrun àsárì, ìjì jà. Ẹ mọ irú ìjì tó máa ń gbé páànù. Afẹ́fẹ́ kó sínú ewé akòko, ó ń fà á síwá sẹ́yìn, akòko sì ń fa igi tí mo so mọ́ ọn. Ọ̀pá tó yẹ kó dúró ṣinṣin ló wá ń fi igi náà jó. Nígbà tí òjò dá, igi tíṣà ti ṣẹ́ sí méjì, ojú ibi tó ti ṣẹ́ kò tó ẹsẹ̀ bàtà méjì sílẹ̀.

Alhaja ránṣẹ́. Èmi àti Bàbá Sùbérù jọ lọ ni, ó fi ọwọ́ lé èjìká mi nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó dúró síwájú igi tó wó, ó fi ìka méjì ja ewé kan lára ọ̀pá.

"Rájí, ewé kí nìyí?"

"Akòko ni, Bàbá."

"Akòko! Ta lo fẹ́ fi joyè? Ṣé ẹnikẹ́ni ò sọ fún ọ pé láwàní la fi ń joyè ní Ìlọrin níbí?"

Alhaja kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí àpótí, ó gbé orí igi náà lé itan bí ẹni gbé ọmọ. Ó ní, "Bàbá Sùbérù, atẹ́gùn ló ṣe é, àbí? Ẹ sọ fún mi pé àmúwá Ọlọ́run ni, kí n lè gbà."

Ọ̀gá mi kàn wò mí. Ẹ wò ó, ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀nà ti là fún mi. Kí n ní "Atẹ́gùn ni, Alhaja, ẹ ṣe sùúrù," ó ti tán. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló ń tọrọ irọ́ náà. Bí mo bá sì sọ òtítọ́, ilé tó mọ̀ mí jù lọ, àti iṣẹ́ tí mo fi ohun tó lé ní ọdún márùn-ún kọ́, ó lè jẹ́ òpin wọn nìyẹn. Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"Alhaja, atẹ́gùn kọ́. Èmi ni. Ọ̀pá tútù ni mo rì. Mo sá fún iná nítorí ààwẹ̀. Nígbà tó hù, mò ń fi ọ̀bẹ gé e kí Bàbá má baà mọ̀."

Bàbá Sùbérù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì ti rẹlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Mo mọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ojú ọ̀bẹ lára ọ̀pá yẹn. Mò ń dúró kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kí n lè mọ̀ pé mo kọ́ ènìyàn. Mo dúró pẹ́ jù. Èyí tó jẹ́ ẹ̀bi tèmi níbẹ̀ nìyẹn, Alhaja."

Alhaja gbójú sókè, ó wo èmi, ó wo òun. "Ẹ̀hẹ́n! Ọ̀gá mọ̀, ọmọ iṣẹ́ mọ̀. Igi mi nìkan ni ẹ ò sọ fún!"

Títí di òní, n kò tíì gbọ́ ìbáwí tó ju ìyẹn lọ. Ó wá bèèrè bóyá nǹkan kan wà tí a lè ṣe. Ọ̀gá mi ní ó wà, ṣùgbọ́n òun ò lè ṣèlérí: ìdí kò ní hù mọ́, nítorí orí ni ẹ̀mí igi yìí wà, orí ni a ó gbìn. Alhaja nawọ́ sí mi.

"Rájí ni yóò tọ́jú ẹ̀. Bí ọkà bàbà bá di kíkórè tí n kò rí ewé tuntun, má tẹ ẹnu ọ̀nà yìí mọ́ láyé. Ogójì ọjọ́ ọkọ mi tí mo ti ṣe ti tó. N kò ní ṣe ti igi."

Mo fi ayùn gé ojú ibi tó ṣẹ́ kó lè dán. Mo gé ewé tó pọ̀ jù lórí rẹ̀ kúrò, kó má baà máa mu omi tí kò sí. A gbẹ́ ilẹ̀ dé ìwọ̀n ìgbọ̀nwọ́ kan, a fi ewé jíjẹrà sí i, a gbìn ín. Ọ̀pá àyìn méjì ni mo fi tì í, lọ́tùn-ún lósì. Mo sun wọ́n nínú kòtò iná títí ìṣó ọ̀gá mi fi ha wọ́n, tó ha wọ́n, tí kò rí pupa kankan. Láàárọ̀ lójoojúmọ́ ni mò ń fẹsẹ̀ rìn láti Gàmbàrí dé Fate, kí n tó lọ síbi iṣẹ́ mìíràn, kí n da omi sí òpó náà lára. Alhaja ń wò mí láti ojú fèrèsé. Kì í kí mi. Mo ń kí i, kì í dáhùn. Oṣù kan kọjá. Ewé tó kù gbẹ. Ọkà bàbà yọ orí lóko, ó ń pọ́n lọ. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n dòjé ládùúgbò wa, n kò lè jẹun.

Ó kù bí ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n kórè ni mo gun àpótí, mo fi ìka wá àárín orí rẹ̀, níbi tí irun pupa kan ti máa ń bo ewé tuntun. Nǹkan kan ká jọ níbẹ̀, ó tutù, kò tóbi ju ìgbín kékeré lọ. Mo fi ìka kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó dá mi lójú. Bí mo ṣe wẹ̀yìn, Alhaja ti dúró lẹ́yìn mi.

"Kí ló dé tí o kàn dúró?"

"Alhaja, ó ti di ìkúùkù."

Òun náà gun àpótí, ní ọjọ́ orí rẹ̀. Ó fọwọ́ kàn án. Ó ní "Alùhámúdù lílà," ó sọ̀ kalẹ̀, ó nu ojú. "Kí lo ń wò? Lọ pe ọ̀gá ẹ. Tó bá ní ẹsẹ̀ ń dun òun, pọ̀n ọ́n wá."

Akòko ńkọ́? Mo ti gbé àdá sí i ni Alhaja dá mi dúró: "Kí ló ṣe ọ́? Ìwọ lo gbìn ín, kò bẹ̀ ọ́." Bàbá Sùbérù ní kí a hú u tìdítìdí, kí a gbìn ín sí ìwọ̀-oòrùn igi ewé-ìyẹ́, níbi tí yóò ti máa ṣíji bò ó lọ́wọ́ oòrùn ìrọ̀lẹ́. Lọ́dọọdún ni mo ní láti wá gé ẹ̀ka rẹ̀, ní ojúmọmọ, kí Alhaja sì máa wò mí. N kò pa ọdún kan jẹ.

Láti ìgbà náà, irin-iṣẹ́ ti yí padà. Àwọn ahunṣọ ti ń lo òwú dídán tó ń yọ̀ bí ilá, nítorí náà mo gba tíúbù táyà ọ̀kadà dípò òfì, ó sì dára, ó ń fà bí igi bá ń sanra. Páípù irin dé. Ikán ò lè jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ó ń gbóná lóòrùn. Ẹ fi àpò ìdọ̀họ wé e lórí kí ẹ tó fi kan igi. Wásáàpù náà dé. Ènìyàn á fi fọ́tò igi ránṣẹ́, á ní kí n sọ ohun tó ń ṣe é. N ó ní kó lọ jókòó síwájú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n rò pé mò ń ṣàwàdà. Ọkùnrin kan ní àdúgbò Basin tilẹ̀ da sìmẹ́ńtì yí ìdí ọ̀pẹ rẹ̀ ká kó má baà wó. Mo bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí mo bá da sìmẹ́ńtì sí yín lẹ́nu, ṣé ẹ ó dúró dáadáa?" Ó bínú, ṣùgbọ́n ó fọ́ ọ.

Ṣé kí ẹ kọ́ iṣẹ́ yìí? Bí ẹ bá lè jókòó, ẹ kọ́ ọ. Bí ẹ bá lè sọ pé "èmi ni" kó tó di ọdún kan àbọ̀, ẹ ti kọ́ ìdajì.

Gbogbo wa la ti pín ohun tó yẹ ká pín báyìí. Nígbà tí Bàbá Sùbérù lọ, àkọ́bí rẹ̀ gba Alùkùráánì, ilé di ti gbogbo wọn, díígà àti ìṣó tó fi ń ha ọ̀pá di tèmi. Nígbà tí èmi náà fẹ̀yìn tì, ọmọkùnrin mi tó jẹ́ télọ̀ mú kẹ̀kẹ́ tí mo wá ń gùn lọ síbi iṣẹ́. Ọmọbìnrin mi Sàlámátù, tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kan náà láti ilé dé ilé ní Basin, gba díígà àti ìṣó. Ó ti gbẹ́ kòtò iná tirẹ̀. Alhaja náà ti lọ, Ọlọ́run kó fi Àlùjánnà kẹ́ ẹ. Ilé Fate di ti àkọ́bí, igi ewé-ìyẹ́ di ti àbíkẹ́yìn obìnrin, tó ń gbé inú ilé náà, tó sì ń bu omi sí i láàárọ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde lọ́jọ́ ìpín ni ọ̀kan nínú wọn rántí pé ìyá àwọn fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀: "Akòko yẹn, ti Rájí ni. Ẹ má gé e láìbi í."

Mi ò ní ilẹ̀ kankan ní Fate, ṣùgbọ́n mo ní igi kan níbẹ̀. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, wọ́n á pè mí: "Bàbá, igi yín ti ga jù." Èmi àti Sàlámátù la jọ ń lọ. Òun ló ń gùn ún báyìí, èmi á jókòó sábẹ́ rẹ̀. Òun ni yóò jogún rẹ̀. Mo ti sọ fún un bí ó ṣe di tèmi, látorí oòrùn ààwẹ̀ títí dé ojú ọ̀bẹ, n kò fi ẹyọ kan pa mọ́.